Gìtá Jàpáànù Àtijọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láìpa Ohùn Rẹ̀

Orí àjà ni gìtá náà wà, nínú àpò ìrẹsì tí wọ́n so lẹ́nu, lọ́jọ́ tí bàbá kan ládùúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, ránṣẹ́ pè mí. Bàbá náà ti bá ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ṣiṣẹ́ nígbà tí ara ṣì le. Mo tú àpò, eruku bo mí lójú. Okùn mẹ́ta ló kù lára gìtá náà, gbogbo wọn ti dógùn-ún. Ara rẹ̀ dúdú létí, ó ń pọ́n bọ̀ wá sáàárín, títí tó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè lábẹ́ okùn. Lẹ́yìn, níbi tí súkúrù mẹ́rin ti de ọrùn mọ́ ara, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ "Made in Japan" sí.

"Bàbá, ta ló tún un ṣe kẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Látọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti túká ló ti wà níbẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju pé kí wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Gìtá àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú ṣì ní gbogbo ohun tó bá jáde nílé iṣẹ́. Bí a ṣe ń dá irú gìtá bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín: kó dúró sójú ohùn, kó rọrùn lọ́wọ́, kó má máa pariwo rádaràda, síbẹ̀ kó má di gìtá mìíràn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀ lé: ohun tó ń gbó ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Fólúùmù tí a fi ń gbé ohùn sókè ń gbó, jáàkì tí a ń ki kébù bọ̀ ń gbó, eegun orí ọrùn tí okùn jókòó sí ń gbó. Píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ okùn tó ń sọ ìró rẹ̀ di iná, àti igi ló ń sọ̀rọ̀.

Ìrora ni mo fi kọ́ òfin yìí. Gìtá Jàpáànù àkọ́kọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo fi sáńpépà bó gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀, mo yọ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ méjèèjì, mo sì fi tuntun olówó pọ́ọ́kú sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ń dán, ṣùgbọ́n ohùn tó mú mi rà á ti lọ. Mo wá píkọ́ọ̀pù àtijọ́ náà títí, wọ́n ti gbá a dà nù mọ́ pàǹtírí. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ní 1965, ẹgbẹ́ olórin The Ventures láti Amẹ́ríkà ṣeré káàkiri Jàpáànù, làwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá ya bo gìtá oníná. Teisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, àti Guyatone wà lára àwọn tó ń ṣe é nígbà náà, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. Ilé iṣẹ́ Kawai ló ra Teisco ní 1967. Gìtá àsìkò yẹn lẹ máa ń rí tó ní súìṣì pẹlẹbẹ bíi ti iná yàrá, tó sì ní píkọ́ọ̀pù tí bébà aláwọ̀ wúrà ń tàn lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdún 1970 dé, iṣẹ́ wọn sì wá dára gan-an. Ìlú Matsumoto ni FujiGen wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, tó ń ṣe gìtá Ibanez. Ibẹ̀ náà ni Matsumoku wà, tó ṣe gìtá Aria àti Epiphone, tó sì kógbá sílé ní 1987. Wọ́n ń ṣe àwòkọ gìtá Amẹ́ríkà débi pé ní 1977, ilé iṣẹ́ tó ni Gibson, gìtá Amẹ́ríkà, pe àwọn tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ nítorí bí orí gìtá wọn ṣe rí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni irin inú ọrùn. Ọ̀pọ̀ gìtá ọdún 1970 ló ní ọ̀pá irin tí ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ yí láti na ọrùn. Ọ̀pọ̀ tọdún 1960 kò ní in. Irin gbọọrọ tí kò ṣeé yí ni wọ́n tẹ̀ sínú igi. Ẹ wo orí gìtá, lókè eegun tí okùn jókòó sí: bí ìdérí kékeré kan bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú súkúrù méjì tàbí mẹ́ta, abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu ọ̀pá wà. Bí kò bá sí, ẹ yẹ ìdí ọrùn wò, níbi tó ti wọnú ara. Bí ẹ bá rí "Steel Reinforced Neck" lára irin ẹ̀yìn gìtá, irin tí kò ṣeé yí ni wọ́n ń sọ. Ti Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún wọn ọ̀nà láti eegun orí ọrùn dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá (fúrẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èyí ni gígùn okùn. Lára ọ̀pọ̀ gìtá, ó máa ń wà nítòsí mílímítà 648 tàbí 628. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa padà sí i.

Kí ẹ tó tú súkúrù kan

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti inú rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣí i. Ẹ kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ibi tó lọ sínú ìwé. Súkúrù ọrùn nínú ọ̀rá kan, ti píkọ́ọ̀pù nínú òmíràn. Ẹ má fi orí pa á mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kébù so ó mọ́ áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà kan ojú píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ́, kọ́" nínú áńpù, píkọ́ọ̀pù yẹn wà láàyè. Ẹ wá fọwọ́ kan okùn: bí ariwo "hìììn" bá rọlẹ̀, wáyà ilẹ̀ tó lọ sábẹ́ bíríìjì, irin tó gbé okùn dúró lórí ara gìtá, ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá yí padà, ó ti já, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa wá nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ara yín àti okùn gìtá jọ ń kan wáyà ilẹ̀ áńpù ni. Ọ̀pọ̀ ilé ni wáyà ilẹ̀ kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Kí ẹ tó ki áńpù àtijọ́ bọ iná, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ má sì ṣí inú áńpù fúnra yín. Iná lè ṣì wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹnu súkúrù Jàpáànù yàtọ̀ díẹ̀ sí tàwọn ará Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbélébùú ni méjèèjì ń jọ. Súkúrúdíráfà tí gbogbo ayé ń lò máa ń yọ kúrò lórí rẹ̀, a sì bà á jẹ́. Ẹ lọ bá mẹkáníìkì ọ̀kadà. Àwọn tó ń tú ẹ̀rọ Honda àti Suzuki lójoojúmọ́ máa ń ní súkúrúdíráfà tó bá ẹnu súkúrù Jàpáànù mu. Lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀láìyá ni mo ti yá tèmi lò fún odidi oṣù kan kí n tó ra tèmi.

Ọrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Kò sí fúrẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fáìlì, kò sí okùn tẹ́ ẹ máa rẹ̀ sílẹ̀, tí ọrùn kò bá tíì tọ́. Ẹ fi okùn tuntun sí i, kẹ́ ẹ fà á dé ojú ohùn rẹ̀. Ẹ tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní. Ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fúrẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ. Mílímítà 0.2 sí 0.3 ló dára. Bébà ìkọ̀wé mẹ́ta tẹ́ ẹ tò léra tó nǹkan bíi 0.3, ẹ lè fi dán an wò.

Bí àlàfo bá pọ̀ jù, tí ọ̀pá tó ṣeé yí sì wà, ẹ dẹ okùn díẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ oní-mílímítà tó bá ẹnu rẹ̀ mu gẹ́ẹ́ yí i sápá ọ̀tún, ìdá mẹ́rin yíyí kan péré. Ẹ tún okùn fà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tún wọ̀n ọ́n. Bí ọ̀pá bá le bí òkúta, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ọ̀pá tó kán sínú ọrùn nítorí agbára kò ní àtúnṣe kékeré.

Ti Bàbá kò ní ọ̀pá tó ṣeé yí, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 0.6. Ooru orí àjà lábẹ́ páànù ló ṣe é. Irú èyí, okùn tó fẹ́lẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́: ẹ lo èyí tí okùn kìn-ín-ní rẹ̀ nípọn ní ínṣì .009 dípò .010 tàbí .012, kí ìfà rẹ̀ lè dínkù. Mo lo .009, àlàfo náà lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.4, mo wá fi fáìlì gba ìyókù lórí fúrẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń fi ooru àti irin tí káfíńtà fi ń fún igi pọ̀ na ọrùn. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n gúlù abẹ́ pákó ọrùn lè yọ́. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín.

Ẹ má ṣì mú ọrùn tó tẹ̀ fún ọrùn tó dojú kọ ibi tí kò yẹ. Bí ọrùn bá tọ́, ṣùgbọ́n tí okùn ṣì ga fíofío bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríìjì ti wà nílẹ̀ pátápátá, ojú tí ọrùn fi wọnú ara ni ìṣòro. Ẹ tú súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi èélá igi fẹ́lẹ́ sí ìdí ihò náà, lápá tó sún mọ́ bíríìjì. Èélá tó nípọn ní mílímítà 0.5 péré yóò jẹ́ kí okùn sọ̀kalẹ̀ ju mílímítà 1 lọ lókè bíríìjì, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igi ni kẹ́ ẹ lò. Páálí máa ń fún pọ̀, á sì tún yí padà nígbà òjò.

Igi ọrùn tí ẹ rí lóṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbẹ gbogbo nǹkan, kọ́ lẹ máa rí lóṣù Keje. Nígbà ọyẹ́, pákó ọrùn á súnkì, etí fúrẹ́ẹ̀tì á yọ síta bí eyín, á máa ha ọwọ́. Ẹ fi fáìlì tó mú kúnná gba etí náà kúrò, kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú gìtá sínú yàrá, jìnnà sí ògiri tí oòrùn ń pa.

Fúrẹ́ẹ̀tì

Ẹ fi tépù bébà bo píkọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ máa ń fa ẹrún irin mọ́ra, ẹrún yẹn kì í sì í fẹ́ jáde mọ́.

Ẹ tẹ fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí. Èyí tó bá ń mì, ẹ kán súpà gúlù tíńtín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máákà kun orí gbogbo wọn. Ẹ lẹ sáńpépà nọ́ńbà 400 mọ́ irin tó tọ́ gbọọrọ, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ibi tí máákà bá ti kúrò ló ga. Ibi tó bá kù ló rẹlẹ̀. Ẹ máa ṣe é títí máákà yóò fi kúrò lórí gbogbo wọn, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Irin tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ kúrò kò ní padà.

Orí wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ jókòó sórí góńgó. Ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta, tẹ́ ẹ ti pa mímú etí rẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fúrẹ́ẹ̀tì títí orí rẹ̀ yóò fi tún rí róbótó. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà 600, 1000, 1500, àti 2000. Fún pákó ọrùn tó gbẹ, òróró ọmọdé díẹ̀ lórí aṣọ ti tó, kẹ́ ẹ nù ún kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má lo epo pupa, ẹ má lo àdín. Wọ́n á jẹrà nínú igi, wọ́n á sì máa rùn.

Eegun tí okùn jókòó sí

Ọ̀pọ̀ gìtá Jàpáànù àtijọ́ ni ike wà lórí ọrùn rẹ̀, okùn sì ti gé ojú rẹ̀ jìn. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohun tó dára jù fún un kò jìnnà sí wa: eegun itan màlúù. Mo ra tèmi lọ́wọ́ alápatà ní Ọjà Ọba, ó sì bi mí léèrè pé àbí ajá ni mo fẹ́ fún.

Ẹ bó ẹran kúrò lára rẹ̀, ẹ gbá mùdùnmúdùn inú rẹ̀ jáde. Ẹ sè é fún bíi wákàtí kan nínú omi tó ní ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, kẹ́ ẹ da omi náà nù, kẹ́ ẹ tún sè é. Ọ̀rá inú rẹ̀ ni ẹ ń lé. Bí ọ̀rá bá ṣẹ́kù, eegun á pọ́n, á sì máa rùn. Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ojú oòrùn gangan, kó má baà sán. Ẹ bo ẹnu àti imú yín kẹ́ ẹ tó fi ayùn irin gé e. Ìyẹ̀fun eegun kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ gé ègé kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́. Ẹ fi ti àtijọ́ ṣe àwòrán lórí rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù: gígùn, fífẹ̀, àti ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá. Ẹ máa yọ́ ọ lórí sáńpépà tẹ́ ẹ tẹ́ sórí gíláàsì títí tó fi wọ àyè rẹ̀ ṣinṣin láìsí gúlù. Lẹ́yìn náà ni ojú okùn. Mo máa ń fi okùn gìtá àtijọ́ fúnra rẹ̀ yọ́ ojú okùn tó nípọn: okùn kẹfà tí irin lọ́ mọ́ ń gé eegun bí ayùn. Ojú náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sápá orí gìtá, kí okùn lè jókòó sí etí iwájú, lápá fúrẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ apá ẹ̀yìn ló jókòó sí, á máa dún "síìì" bí kòkòrò, kò sì ní dúró sójú ohùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jìn tó? Ẹ tẹ okùn mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹ wo fúrẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju bébà kan lọ. Ẹ lè tẹ okùn níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ "tíì" kékeré. Bí kò bá sí ìró kankan, ẹ ti gé jù, kẹ́ ẹ gé òmíràn. Mo gé mẹ́ta fún gìtá Bàbá kí ọ̀kan tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Iná inú rẹ̀

Fólúùmù tó ń ha "kùrà-kùrà" kì í sábà kú. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní òògùn tí wọ́n ń fín sójú irin tó ń gba iná. Ẹ rà á, ẹ fín díẹ̀ sínú ihò ara fólúùmù, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ogún. Ẹ má lo bẹntiróòlù bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó ń ba ike jẹ́, ó sì lè gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù ìlẹ̀-wáyà tó gbóná.

Èyí tó bá kú pátápátá ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ fi mítà tí oníṣẹ́ iná ń lò wọn iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, kẹ́ ẹ sì ra irú rẹ̀ gan-an, bíi 250 tàbí 500 kílò-ohm. Ẹ wọn ihò rẹ̀ pẹ̀lú. Ti Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ ihò bíi mílímítà 9.5, ti Jàpáànù kéré sí i, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fẹ ihò gìtá àtijọ́ nítorí fólúùmù. Ẹ wá èyí tó bá ihò mu.

Jáàkì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Kò wọ́n, òun ló sì ń dá orin dúró láàárín àwùjọ. Fún lílẹ wáyà mọ́ ara wọn, áyọ́ọ̀nù 40 sí 60 wọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ lò; èyí tí wọ́n fi ń tún fóònù ṣe kò lágbára tó fún ẹ̀yìn fólúùmù. Ẹ mú irin tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ wáyà mọ́ gbóná, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kàn án, kì í ṣe ẹnu áyọ́ọ̀nù. Bó bá tàn bíi dígí lẹ́yìn tó tutù, ó ti mú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

Ariwo "hìììn" tó ń wá láti ara iná ilé àti jẹnẹrétọ̀, bàbà pẹlẹbẹ ló ń dín in kù. Ẹ fi bàbà fẹ́lẹ́ tẹ́ inú ihò tí wáyà wà, kí gbogbo rẹ̀ kan ara wọn, kẹ́ ẹ sì fi wáyà kan so ó mọ́ ilẹ̀. Bébà alumínííọ̀mù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ máa ń dí ariwo, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Òṣogbo, a ò jìnnà sí bàbà: ìlú tí alágbẹ̀dẹ bíi Asiru Olatunde ti lu bàbà àti alumínííọ̀mù di iṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀ ni ìlú wa. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti gba ègé tó fẹ́lẹ́ tí kò wúlò fún un mọ́, òun ló sì wà nínú gìtá Bàbá.

Píkọ́ọ̀pù wá kù. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bó bá ka nǹkan bíi 4 sí 10 kílò-ohm, ó wà láàyè, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mítà bá ní kò sí ọ̀nà kankan, wáyà inú rẹ̀ ti já. Ẹ má sọ ọ́ nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ibi tí wáyà tín-ín-rín ti pàdé wáyà tó nípọn ló ti ń já, kì í ṣe àárín. Ẹ lo dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ wá ẹnu rẹ̀, ẹ fi sáńpépà 1000 ha ọ̀dà orí rẹ̀ kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Nǹkan bíi mílímítà 0.06 ni wáyà yẹn nípọn, ó fẹ́lẹ́ bí irun orí. Àwọn tó ń wé wáyà fáànù lè ní ẹ̀rọ tó lè wé e, ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n ń lò nípọn ju èyí lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sí i.

Èyí tó bá ń ké "wíìì" tẹ́ ẹ bá gbé fólúùmù sókè, tí kò sì ní ike lára, ẹ lè rì í sínú àbẹ́là yíyọ́ tẹ́ ẹ pò mọ́ ìda oyin díẹ̀, irú èyí tí àwọn asúde ń lò. Kó má gbóná ju 65 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìkòkò nínú ìkòkò omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi yọ́ ọ, láé ẹ má gbé e ka iná gan-an.

Ara àti irin

Aṣọ tó tutù díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà páálíìṣì mọ́tò. Ọ̀dà àtijọ́ tó sán, tó há, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi tó là, gúlù funfun káfíńtà ni. Gọ́ọ̀mù oníṣẹ́ bàtà máa ń rọ̀, ohùn á sì kú sínú rẹ̀. Irin bíríìjì tó dógùn-ún, ẹ pa á pẹ̀lú omi òroḿbó wẹ́wẹ́, ẹ ṣàn án kíákíá, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ kán òróró máṣíìnì sí i. Kọ́kọ́rọ́ orí tí a fi ń fa okùn, ẹ̀kán òróró kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń yọ̀, ẹ wá irú rẹ̀ tí ihò súkúrù rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu.

Okùn, gíga rẹ̀, àti ohùn rẹ̀

Fún gíga, ẹ wọ̀n ọ́n lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá: okùn kẹfà nítòsí mílímítà 2.0, okùn kìn-ín-ní nítòsí 1.6. Ẹni tó ń fi ọwọ́ líle ta á lè fẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ ta okùn lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Á dún bí agogo. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì kan náà. Ohun èlò ìdánwò ohùn lórí fóònù yóò sọ bí méjèèjì bá dọ́gba. Bí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún ibi tí okùn jókòó sí lórí bíríìjì sẹ́yìn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú. Bí bíríìjì bá jẹ́ èyí tó kàn jókòó sórí igi láìsí súkúrù, ẹ fi gígùn okùn tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ mọ ibi tí yóò dúró sí, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú orin jùjú, gìtá kì í dá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń pè, òmíràn ń dáhùn, gángan ń bá wọn wí i. Gìtá tó dún dáadáa nísàlẹ̀ ọrùn ṣùgbọ́n tó yà kúrò lójú ohùn lókè, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa bà jẹ́.

Ẹ fa okùn tuntun náà lọ́wọ́, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ tún fà á, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ tún gbogbo ìwọ̀n wọ̀n.

Mo gbé gìtá náà padà lọ sí Òkè-Baálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bàbá kò kọ́kọ́ ta orin kankan. Ó ta okùn kẹfà lẹ́ẹ̀kan, ó fi etí lé ara igi náà títí ohùn fi parẹ́, ó sì tún ta á. Ó wá fi ọwọ́ wá ibi tó mọ̀, àwọn ìka tó ti le bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí fúrẹ́ẹ̀tì kẹta àti ìkarùn-ún.

"Òun náà nìyí," ó ní. "Òun náà gan-an nìyí."

Mo fún un ní ọ̀rá tí mo kó fólúùmù, jáàkì àti ike àtijọ́ náà sí, ó sì fi í sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Mo ní kó má gbé gìtá padà sórí àjà mọ́, pé màá wá wo ọrùn rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé.